Sábó: Àdúgbò Ifẹ̀ Tí Ifẹ̀ Kò Tíì Kà Mọ́ra

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ilé-Ifẹ̀ ṣe ń jẹun, kó má bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Ẹnuwà níwájú ààfin Ọọ̀ni. Sábó ni kó kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ni àlùbọ́sà, ẹ̀wà, ọkà bàbà, ẹ̀pà àti ata gbígbẹ tó ti Òkè Ọya wá ti ń pínyà lọ sí àwọn ọjà ìlú. Ibẹ̀ náà ni gbànja tí wọ́n ká lóko Ifẹ̀ ti ń dojú kọ ọ̀nà Kánò àti Sókótó. Síbẹ̀, bí àwọn àgbà bá ń ka àdúgbò Ifẹ̀, tí wọ́n ka Ìrẹmọ, tí wọ́n ka Ìlódè, Òkèrèwè àti Ìlàrè, ẹnu wọn kì í sábà dé Sábó. Ibùwọ̀ àwọn àlejò láti Òkè Ọya ni wọ́n kà á sí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tó ti ń bọ́ ìlú láti ayé àwọn bàbá wa ti kúrò ní ibùwọ̀, mo sì fẹ́ ká yẹ ilẹ̀ rẹ̀, èèyàn rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé sílẹ̀.

Ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀ àti òjò ló bí Sábó. Ilẹ̀ igbó ni Ilé-Ifẹ̀ wà, òkè sì yí i ká. Òjò rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní March, kì í sì í tán títí di October, àfi ìsinmi díẹ̀ tó máa ń gbà ní August. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni obì àti kòkó ń fẹ́: ọ̀rinrin, ibòji, àti ẹ̀ẹ̀rùn tí kò pẹ́ jù. Bí èèyàn bá gbéra ní Ifẹ̀, tó gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin, tó sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, igi á máa dín kù, koríko á máa pọ̀, títí yóò fi dé ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ ju oṣù mẹ́rin lọ láàárín ọdún. Igi obì kò lè so níbẹ̀. Màlúù ní tirẹ̀ ń gbádùn ibẹ̀, nítorí koríko wà, eṣinṣin tó ń kó àìsàn oorun ran ẹran kò sì lè gbé ilẹ̀ tó gbẹ bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin yẹn ló jẹ́ kó ṣòro láyé àtijọ́ láti sin màlúù oníké nínú igbó wa. Èyí tí wọ́n bá dà wá, pípa ni wọ́n ń dà á wá pa. Àlùbọ́sà Kebbi àti Sókótó, tòmátì Kánò àti Kàdúná, ẹ̀wà Borno, kò sí èyí tí àgbẹ̀ Ifẹ̀ lè gbìn tí yóò tó ìlú jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí àgbẹ̀ Katsina tó lè ní oko gbànja. Ẹni méjì tí ọ̀kan ní ohun tí èkejì kò lè ní láéláé gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé.

Òwò láàárín igbó àti ọ̀dàn kì í sì í ṣe ohun tí òyìnbó mú dé. Bàbà tí wọ́n fi ṣe àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 kò sí nínú ilẹ̀ Ifẹ̀; ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe ní Igbó Olókun láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí irú rẹ̀ ní Gao àti ní Essouk, lórílẹ̀-èdè Mali, létí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Sábó ń tọ̀ lónìí ti dàgbà ju Nàìjíríà lọ fíìfíì.

Gbànja ló wá sọ ọ̀nà àtijọ́ yìí di àdúgbò. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀, òun là ń fi bọ, òun là ń dà wo ohun tí òrìṣà ń wí. Gbànja aláwẹ́ méjì ni àwọn Haúsá fẹ́ràn. Kó tó di pé a gbìn ín níbí, láti ilẹ̀ Gánà òde òní ni wọ́n ti ń rà á, àwọn kan ń gbé e gba orí ilẹ̀, àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Èkó. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn àgbẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fúnra wọn, ní Agége, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ, ó sì tàn dé oko Ifẹ̀ níbi tí kòkó náà ti ń fìdí múlẹ̀. Ojú irin tó kúrò ní Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó fi di 1912, ọkọ̀ ti ń rìn dé Kánò. Obì tí ì bá lo oṣù lójú ọ̀nà wá ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oníṣòwò tó jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń dà tẹ́lẹ̀ wá nílò ilé tí yóò máa gbé sítòsí igi obì gan-an. Bí Sábó ṣe ń yọ nìyẹn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ti Ìbàdàn ní 1916, ti Ṣàgámù náà tẹ̀ lé e. Ojú irin kò kan Ifẹ̀. Ẹdẹ àti Òṣogbo ló súnmọ́ ọn jù, ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ló so Ifẹ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí obì bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn tó ń rà á ń forí lé, Ifẹ̀ sì ní obì.

Iṣẹ́ obì yẹ fún àlàyé, nítorí àwọn ọmọ wa tí wọn kò dé oko mọ́ rò pé kíká ni, títà ni. Ọwọ́ obìnrin ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já pódi obì, tí wọ́n fọ́ ọ, èso inú rẹ̀ ṣì wà nínú awọ funfun. Wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi, tàbí kí wọ́n kó o jọ sábẹ́ ewé fún ọjọ́ mélòó kan, kí awọ náà lè rà. Wọn yóò bó o, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà, tó jẹ́ iṣẹ́ ojú: èyí tó tóbi lọ́tọ̀, èyí tó kéré lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti lu kúrò pátápátá. Kòkòrò obì kì í sì í dúró de ilé. Láti oko ló ti máa ń yé ẹyin sínú obì, nítorí náà obì tó dán lónìí lè ní ihò lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú apẹ̀rẹ̀ wò léraléra, tí wọ́n ń pààrọ̀ ewé tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Bí ewé bá gbẹ jù, obì á rọ, á fúyẹ́. Bó bá tutù jù, á bu. Apẹ̀rẹ̀ yìí ni yóò rin ìrìn tó ju 700 kìlómítà lọ láti inú ọ̀rinrin bọ́ sínú ọyẹ́, ìgbà ọyẹ́ gan-an sì ni obì ń pọ̀ jù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dì ní Sábó ní ìmọ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí a máa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ibi tí apẹ̀rẹ̀ náà ń lọ kò sì kéré: kò sí ìgbéyàwó Haúsá tí wọn kì í pín gòrò, bí wọ́n ṣe ń pe obì, kò sí ìsọmọlórúkọ, àlejò tó wọlé gòrò ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún un, awakọ̀ tí kò fẹ́ sùn lójú ọ̀nà ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ló wá kù, òun ni mo kà sí ọkàn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kó màlúù tàbí ẹ̀wà wá láti ọ̀nà jíjìn kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀. Kò gbọ́ èdè. Alápatà tó fẹ́ ra ẹran rẹ̀ kò ní owó lọ́wọ́, àfi bó bá pa ẹran náà, tó tà á tán. Báwo ni àwọn méjèèjì yóò ṣe dòwò pọ̀? Àwọn Haúsá ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́, mégídá ni ìdáhùn wọn. Mégídá ni baálé tí oníṣòwò máa ń wọ̀ sílé rẹ̀. Ó fún un ní ibi tí yóò sùn, ó fún un lóúnjẹ, ó ní yàrá tí ọjà lè wà, ó sì mọ gbogbo alápatà ìlú, ẹni tó ń san owó àti ẹni tí kì í san. Òun ló ń dúró láàárín olùtà àti olùrà, làádà sì ni èrè rẹ̀. Bí alápatà bá sá lọ pẹ̀lú owó màlúù, ọrùn mégídá ni gbèsè náà wà. Abner Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tó gbé láàárín àwọn ará Sábó Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969, ṣàlàyé ètò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó rí ni pé kò sí báńkì kankan nínú rẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn, síbẹ̀ owó ńlá ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí pé orúkọ mégídá ni dúkìá rẹ̀, bí orúkọ náà bá bàjẹ́ òwò tán.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ará Ifẹ̀. Nígbà tí ìyá alápatà bá gba ẹran láìsan kọ́bọ̀, tó tà á, tó fi èrè rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé, awìn tó ń jẹ yẹn, Sábó ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni obìnrin oko tó gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ ní Sábó kí obì tó gbó, láti fi gba òṣìṣẹ́ tí yóò ro oko. Owó tí báńkì kò ní yá a nìyẹn. Fóònù àti alẹ́ẹ̀tì ti yí ohun púpọ̀ padà lóòótọ́: ẹni tó wà ní Kánò lè bá ìyá olóbì ní Gáréèjì Ọlọ́dẹ tàbí Ifẹ̀tẹ̀dó sọ̀rọ̀ tààrà, kó sì fi owó ránṣẹ́ kí ìpè tó parí. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Mégídá ṣì ní iṣẹ́.

Èèyàn ibẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń pe gbogbo ará Sábó ní Haúsá kò tíì wo ibẹ̀ dáadáa. Fúlàní wà níbẹ̀, Tápà wà níbẹ̀, Kànúrí wà, àwọn tó ti orílẹ̀-èdè Niger wá sì wà. Yorùbá ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń tajà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn ló ni ilé tí àlejò ń gbé. Bí a bá tún rìn jáde dé oko Ifẹ̀, a ó bá àwọn Ẹ̀bìrà tó ń gbin iṣu àti gbágùúdá, a ó bá Ìgèdè àti Àgàtú láti ìpínlẹ̀ Benue tí wọ́n ń ro oko kòkó, tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ wọn nígbà tí ọdún bá parí. Oko Ifẹ̀ kò tíì dá dúró lórí ọwọ́ ọmọ Ifẹ̀ nìkan láti bí ìran mélòó kan.

Sábó ní Sárìkí tirẹ̀, tó ń parí ìjà, tó ń dáhùn fún àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọọ̀ni àti lọ́dọ̀ ìjọba. Ó ní mọ́sálásí, ó ní ilé kéwú. Àwọn obìnrin tí ẹ̀sìn kò jẹ́ kí wọ́n máa jáde kiri kì í jókòó lásán: nínú ilé ni wọ́n ti ń se fùrá, tí wọ́n ń dín mása àti kòsé, ọmọdé ni ń gbé e jáde lọ tà. Lóde, mẹ́súyà ń tan iná lálẹ́, wánsámù ń fárí, aránbàtà ń gbé àpótí kiri, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó wá láti Ìbàdàn ní 1967 ni àwọn oníbàárà wọn ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó ń sọ Yorùbá bí ẹni pé wọn kò ní èdè mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ìlú mìíràn tí wọn yóò pè ní tiwọn.

Èyí ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 7 àti 8 March 2017 máa dun èèyàn títí di òní. Aáwọ̀ láàárín ènìyàn méjì, obìnrin Yorùbá kan àti ọkùnrin Haúsá kan, di ìjà àdúgbò, ìjà àdúgbò di ìpànìyàn. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́pàá sọ pé èèyàn 46 ló kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Nígbà tí ọlọ́pàá wá kó àwọn 20 tí wọ́n mú jáde fún ayé rí ní Àbújá, tí gbogbo wọn jẹ́ Yorùbá, inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló jà, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n mú. Mo gbà pé ìbínú yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n èmi ò lè fi ìbínú lórí ẹni tí wọ́n mú bo ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú ní Sábó lọ́jọ́ náà, yálà Haúsá ni wọ́n tàbí Yorùbá, inú Ifẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ìyá tó ń jẹ awìn ẹran pàdánù ẹni tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Mégídá pàdánù àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn òbí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ọjọ́ méjì ló gbà láti wó o.

Kì í sì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ló ti rí irú rẹ̀. Ṣàgámù rí i ní July 1999, ẹ̀san rẹ̀ sì bọ́ sórí àwọn Yorùbá ní Kánò. Ní February 2021, ìjà bẹ́ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya sì dá ọjà dúró, wọn kò jẹ́ kí tírélà sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àlùbọ́sà àti ẹran fi gbówó lórí láti Èkó títí dé abúlé. Láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ló rí i nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ yìí ṣe so pọ̀ tó.

Yorùbá kò sì lè sọ pé òun kò mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n pe èèyàn ní àlejò níbi tó ti dàgbà. Ní November 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré láti kúrò. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń tajà ní Kùmásí àti Tàmàlè láti ìran dé ìran, fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ tí kò mọ ilé rí padà wálé. Ọjà Gánà náà fi ara gbá a, nítorí àwọn tó ń gbé ọjà kéékèèké dé inú abúlé ti lọ. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa, ní Bùlgáríà, ìsàlẹ̀ odò Danube ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Láàárín 1984 àti 1985, ìjọba Todor Zhivkov fi tipá yí orúkọ àwọn Tọ́kì tí wọ́n bí síbẹ̀ padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1989, ó lé ní 300,000 nínú wọn tó sọdá lọ sí Tọ́kì láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn ni wọ́n ń gbin tábà tí orílẹ̀-èdè náà ń tà sókè òkun. Ewé gbó sóko, kò sí ẹni tí yóò já a, ìjọba wá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlú lọ sí oko. Kí ọdún náà tó parí, Zhivkov ti kúrò lórí àga, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ sì ní kí olúkúlùkù gba orúkọ rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ padà wá. Ọ̀pọ̀ kò padà mọ́.

Nínú òfin Nàìjíríà, ibi tí ọ̀rọ̀ Sábó há sí ṣe kedere. Abala 42 ìwé òfin 1999 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ibi tó ti wá. Abala 43 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ níbikíbi. Ṣùgbọ́n nígbà tí abala 318 fẹ́ sọ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, òbí tàbí òbí àgbà tó ti inú àwùjọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ wá ló ń bèèrè. Kò bèèrè ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Nítorí náà, ọmọ tí bàbá ńlá rẹ̀ sin ara ilé rẹ̀ sí Ifẹ̀, tó ka ìwé ní Ifẹ̀, tó ń san owó orí ní Ifẹ̀, kò lè gba ìwé ọmọ bíbí ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀. Láìsí ìwé náà, ìrànwọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari, àdúgbò àwọn ará gúúsù ní Kánò, wà nínú ìṣòro kan náà. Yíyí ìwé òfin àpapọ̀ padà lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò nílò láti dúró dè é kó tó yí ìlànà owó ìrànwọ́ tirẹ̀ padà. Iye ọdún tí ìdílé ti gbé ìpínlẹ̀ náà, ibi tí ọmọ ti ka ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó orí tí òbí rẹ̀ ti san ni kó máa bèèrè, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì báyìí.